Mo Ti Bá Ìyá Onígíláàsì Parí Ọ̀rọ̀ Afárá

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ìlú, o kú ìjókòó, o kú ariwo. Orí tó gbé ọ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò ní já ọ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa wà dáadáa, bàbá rẹ náà wà dáadáa, ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ló ń ṣe òjòjò.

Àbúrò rẹ ti wọ oṣù kẹjọ, kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn wà ní òdìkejì odò, afárá ṣì wà bó o ṣe mọ̀ ọ́n, pákó mẹ́ta ló kù lórí ẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ní òun ò lè gbé aboyún tí òjò bá ti ṣú. Ọ̀rọ̀ náà ń bà mí lẹ́rù.

Fóònù nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àbúrò rẹ la fi wò ọ́ lọ́jọ́ tó o dìde sọ̀rọ̀ afárá. Aṣọ tí mo rán fún ọ yẹ ọ́, àmọ́ ó yẹ kí n gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọlé díẹ̀. Ìjókòó yín ni kò yé mi. Ẹgbẹ́ tiyín lápá kan, ẹgbẹ́ kejì lápá kejì, bí àna tó ń bínú síra wọn. Tó o bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní rárá. Mo ka orí yín, ogún síhìn-ín, ogún sọ́hùn-ún, bàbá àgbàlagbà kan wá jókòó sókè, ó ń fi òòlù lu tábìlì tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń dọ́gba láti ọdún méjì, pé nǹkan kan kì í lọ síwájú. Mo ní ṣé wọn ò ní ìyá nílé ni?

Nígbà tó o wà ní kékeré, tó o já okùn bàtà ọmọ aládùúgbò, ta ló parí ẹ̀? Ṣebí èmi àti ìyá ẹ̀ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ni mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi, mo lọ bá ìyá Onígíláàsì, ọmọkùnrin ẹgbẹ́ kejì tó ń wọ gíláàsì ojú, tó máa ń kọ́kọ́ pariwo mọ́ ọ. Ìyá náà ń ṣe búrẹ́dì ní òdìkejì odò. Mo ní ọmọ yín ń bá ọmọ mi jà o. Ó ní òun náà ti rí i, pé ojú ń ti òun. Ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ ẹ̀, ó fi fóònù pe ọmọ ẹ̀ níṣojú mi, ó bi í pé ṣé afárá yẹn dára? Ọmọ ní kò dára. Ìyá ní kí ló wá dé? Ọmọ ní tí àwọn bá nawọ́ sí i, ẹgbẹ́ tiyín ni wọ́n máa yìn. Ìyá ẹ̀ wá ní: “Nígbà tá a ṣì ń gbé lápá ọ̀hún, orí afárá yẹn ni mo gbà pọ̀n ọ́ lọ gba abẹ́rẹ́.”

Onígíláàsì ti gbà. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì á nawọ́ lọ́jọ́bọ. Àmọ́ ó ní orúkọ òun ni kí wọ́n kọ sórí ìwé àbá afárá náà, kí tìrẹ kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé á dùn ọ́. Ìwọ lo rìn ín, ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ ni wọ́n ń bú. Ó dun èmi náà, mo sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀. Àmọ́ mo ti bá ọ gbà. Aboyún kì í ka orúkọ tó wà lára afárá kó tó gùn ún. Jọ̀ọ́, má sọ mí di òpùrọ́ lójú oníbúrẹ́dì.

Àwa ìyá méjèèjì fẹ́ wá jókòó tì yín lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má yíhùn padà. A ó mú búrẹ́dì méjì dání, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti bàbá olóòlù, kó lè rí nǹkan mìíràn fọwọ́ mú. Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́ sínú fóònù nọ́ọ̀sì. Owó bébà ni kó o fi sí i o, kí owó ẹyọ má lọ fọ́ ojú fóònù onífóònù.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ tó nà pọ̀ ju èyí tó ká kò lọ. Má gbàgbé láti fi owó ọkọ̀ ojú omi kún un. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ máa fi kọjá.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.