Aago Tó Ní Mi Ò Lúwẹ̀ẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Mùsífáù. Gàníyù ló ń bá mi kọ ìwé yìí, ọkọ Sìdíkátù ọmọ mi, ọmọ ìlú Awo. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, títí kan ibi tí mo bá ti bú u. Ó ní òun ti gbọ́. Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò gbà fún ìkúnlẹ̀ mọ́. Mo kí Baálé agboolé bàbá wa, mo kí Àlùfáà, mo kí àwọn ìyàwó ilé lágbà lọ́mọdé. Mo kí Mòríámọ̀ láàárín wọn náà. Ẹni tó bá ń kà á, kó kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ilé gbọ́, torí mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù.

Ẹ ní ọdún kan ni mo ní mò ń lọ lò, ó ti di mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì wálé, mo ní ọkàn ló ń yọ mí lẹ́nu, dókítà ò jẹ́ kí n wọ bàálù. Ẹ bi mí pé kí ni mo wá ń ṣe látàárọ̀, mo ní mò ń lọ lúwẹ̀ẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín kan tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ ní irú aláìsàn wo ló ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí n kúkú sọ ọ́ pé Ìlú Ọba ti gbà mí, kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wá ní Mòríámọ̀ ti kó àlùbọ́sà tó ń tà sínú yàrá mi, ẹ ò sì bá a wí.

Ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà yẹn ló dùn mí jù. Òun ló jẹ́ kí n ní kí Gàníyù jókòó.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, mò ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn, èémí mi kàn dá. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó tọ́jú mi, obìnrin ni, kò ju ẹgbẹ́ Sìdíkátù lọ. Ó ní ọkàn mi ti rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn àti ìdárayá yóò gbé e dìde. Ó ní kí n máa rìn. Mo fi orúnkún mi hàn án. Ìta náà kò ṣeé rìn, òtútù ibẹ̀ máa ń mú kí ilẹ̀ yọ̀ bí ilá. Ó wá bi mí pé ṣé mo mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Mo ní kí Sìdíkátù bi í bóyá ó mọ ibi tí Ọ̀ṣun gbà kọjá lẹ́bàá Ẹdẹ. Ó ní kí n máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n so aago kan mọ́wọ́ tí yóò máa ka ibi tí mo lúwẹ̀ẹ́ dé àti bí ọkàn mi ṣe ń lù, kí áàpù inú fóònù sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí òun bá wò ó tó dáa, òun á fọwọ́ sí ìwé pé kí n máa lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń lúwẹ̀ẹ́. Kì í ṣe fàájì.

Kí ẹ mọ̀ bí ibí ṣe rí. Sìdíkátù ń tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn láti àárọ̀ dalẹ́, Gàníyù ń wa bọ́ọ̀sì. Ọmọ tí mo wá bá wọn gbé pọ̀n ti ń lọ sílé ìwé, bí mo bá fi Yorùbá pè é, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn. Títí di aago mẹ́rin, èmi àti ògiri ni. Bí o bá pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà, á yín eyín fún ọ, á kọjá. Kò sí ẹ kú àárọ̀, kò sí ṣé dáadáa la jí. Mi ò sunkún sí i. Mo kàn ń sọ ọ́.

Pùùlù tí mò ń lọ, inú ilé ni wọ́n kọ́ ọ sí. Omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bíi oògùn tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi bò mí láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ má ronú pé mo bọ́ra sílẹ̀ láàárín òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ aago ló kù. Gàníyù ló ra àkọ́kọ́. Ó rí i lọ́wọ́ awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń sáré kiri òpópónà, ó lọ ra irú rẹ̀. Ojú aago náà fẹ̀ bí ìdérí ife, ó ń tàn yanranyanran. Ó bi ẹni tó ń tà á bóyá omi lè bà á jẹ́, wọ́n ní kò lè bà á jẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ parí. Kò sọ ẹni tó fẹ́ lò ó fún wọn. Èmi náà so ó mọ́ orí apá aṣọ, kó má baà ha mí lára. Mo wọ omi, mo lọ, mo bọ̀. Ó gbọ̀n lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni. Nígbà tí mo délé, Sìdíkátù ka ohun tó kọ: ó ní mo ti jókòó pẹ́ jù, kí n dìde kí n na ẹsẹ̀.

Áàpù rẹ̀ tún burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Gàníyù ṣí i kalẹ̀ láìmọ̀, ó wá ń ròyìn fún gbogbo ayé ìgbà tí mo lọ sómi. Òyìnbó kan tí mi ò mọ̀ rí fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ pé mo ṣe é. Mo bi Gàníyù pé kí ló kan ará ibòmíràn nínú ìwẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a lọ bá dókítà. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó tún wo fóònù. Ó ní gẹ́gẹ́ bí aago yìí ṣe wí, mi ò tíì lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òdo ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ti ọkàn mi, ó ń fò síwá ó ń fò sẹ́yìn, ibì kan tilẹ̀ wà tí aago ní kò lù rárá. Mo ní bí kò bá lù, ta ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí ìwé. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an lẹ pè mí lórí àlùbọ́sà.

Obìnrin kan wà ní pùùlù tó ń jẹ́ Dọ́rìn, orí àga gíga ló máa ń wà tó ń wo omi kí ẹnikẹ́ni má baà rì. Òun nìkan ló ń pe orúkọ mi níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń là á sí méjì. Ó ní kí n wọ omi kí òun wò mí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ fún Sìdíkátù, tó sìn mí lọ lọ́jọ́ náà, pé òun ò tíì rí irú èyí rí, orí mi ò wọ omi, ọwọ́ mi ò sì jáde nínú omi. Àwọn tiwọn máa ń ju ọwọ́ sókè gba orí kọjá, ìjuwọ́ yẹn ni aago ń dúró dè kó tó kà. Èmi ń fi ọwọ́ wa omi lábẹ́lẹ̀. Lójú aago, arúgbó kan ló dúró sínú omi. Ó ní mo tún so ó mọ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ara gan-an ni aago gbọ́dọ̀ kàn kó tó gbọ́ ìró ọkàn.

Wọ́n ní kí n kọ́ tiwọn, kí n ki ojú bọ omi. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, omi wọ imú mi, mo ní ó tó.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Nígbà tí ìyá wa kú tí ẹ kó mi mọ́ra, oko bàbá wa wà lódìkejì odò. Bí òjò bá ti mú kí odò kún, ẹ ó di aṣọ àwa méjèèjì ní òṣùká lé mi lórí, ẹ ó ní kí n tẹ̀ lé yín. Ẹ ní bí aṣọ bá tutù, èmi ni màá wọ̀ ọ́ ní tútù dé oko. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tèmi tó wà nísàlẹ̀ tutù. Mo wọ̀ ọ́, mo gbọ̀n títí oòrùn fi yọ, ẹ ò fún mi ní tiyín. Láti ọjọ́ yẹn, orí mi ò wọ omi mọ́. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún. Mi ò ní tìtorí aago sọ ohun tí ẹ kọ́ mi nù.

Mo ní kí Gàníyù dá aago rẹ̀ padà. Ó ní òun á lọ ra èyí tó dáa jù. Mo ní kó dúró ná. Mo ta abọ́ ní ọjà Ẹdẹ fún ogún ọdún ó lé. Ẹni tó bá ń bèèrè abọ́ tó dáa jù kò tíì mọ ohun tó fẹ́ rà. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀kọ gbígbóná lòun fẹ́ bù sí i, òun ló ń bá ilé lọ pẹ̀lú abọ́. Èmi fúnra mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn.

Wọ́n kọ́kọ́ mú bẹ́líìtì kan jáde tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ọmú. Ó máa ń rántí bí ọkàn ṣe lù nínú omi, bí o bá jáde, á rò ó fún fóònù. Wọ́n ní kò sí èyí tó mọ ọkàn tó o. Mo gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá mi so ó lẹ́yìn? Èjìká mi kì í dé ibẹ̀. Wọ́n mú awò ojú kan jáde tí nọ́ńbà máa ń hàn nínú rẹ̀ bí o bá wà nínú omi. Gàníyù ní ó mà dára o, Màmá. Mo ní mi ò mọ̀wé, ó sì fẹ́ fi ohun tí mi ò lè kà bò mí lójú.

Mo wá rí aago dúdú kan ní igun ṣọ́ọ̀bù náà. Kò tàn, kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ yọ síta, kì í ṣe ojú dídán tí omi lè máa tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo dijú, mo fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì, mo rí i. Mo fa apá aṣọ bò ó, mo tún wá a, mo tún rí i. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní ó ti pẹ́, àwọn ènìyàn kì í ra irú rẹ̀ mọ́. Mo ní èmi náà ti pẹ́. Ó ní bí kò bá lè ka ọwọ́ mi, kí n máa tẹ bọ́tìnnì ní gbogbo ìgbà tí mo bá kan ògiri, yóò kà á ní ọ̀kan. Bí ọkàn mi bá sì sáré ju bí dókítà ṣe wí, yóò gbọ̀n mọ́ mi lára kí n sinmi. Mo bi í nípa áàpù rẹ̀. Ìlà pupa ló ń fà, kì í ṣe lẹ́tà, mo lè rí ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n tì í pa lójú mi, kí ẹnikẹ́ni má rí i àfi Sìdíkátù àti dókítà.

Ẹ rántí tẹ̀sùbáà oníbọ́tìnnì tí ẹ fi sí mi níka lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Òun ló ti kọ́ àtàǹpàkò mi sílẹ̀. Bí mo bá kan ògiri, mo yin Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mò ń ṣe mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, méjìlélógún. Méjì tó kẹ́yìn, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Èémí mi kò dá lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí dókítà wò ó, ó ní àwọn yòókù ń ṣe mẹ́rìnlá lónìí, mẹ́fà lọ́la, ta ló wá sọ fún arúgbó yìí pé kó máa gòkè báyìí láìyẹsẹ̀. Sìdíkátù yọ tẹ̀sùbáà oníhóró mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú báàgì rẹ̀, ó fi ibi tí àmì ti pín hóró rẹ̀ sí mẹ́ta hàn án: mọ́kànlá, mọ́kànlá, mọ́kànlá. Dókítà mú un lọ́wọ́, ó kà á fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí ìwé.

Mo ti ń bọ̀. Sìdíkátù ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì ni màá dé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Gàníyù yìí náà. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń gbé mi lọ kó tó lọ síbi iṣẹ́, tó ń jókòó sí etí pùùlù pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ Awo yìí ń bẹ̀rù omi débi pé kì í bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fẹ́ fo ibí yìí, mo ní kó kọ ọ́. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin fún aṣọ tútù yẹn. Bí ẹ bá ti fún mi ní tiyín lọ́jọ́ náà, mi ò ní mọ ohun tó ń gbé mi bọ̀ wálé yìí.

Ẹ máà kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wá pàdé mi. Mùsífáù nìkan ti tó, kó má sáré. Kó bá mi wádìí kí n tó dé bóyá pùùlù kan wà ní Ẹdẹ tàbí Òṣogbo tó ya wákàtí sọ́tọ̀ fún obìnrin, torí dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, ẹ sì ti sọ fún mi pé omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Ẹ sọ fún Baálé. Ẹ sọ fún Àlùfáà kó ṣe àdúà ìrìn àjò. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà pa agboolé wa mọ́, kó dá yín sí kí n bá yín, kó dá mi sí kí ẹ rí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ fún Baálé, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, Mòríámọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Kó kó àlùbọ́sà rẹ̀ jáde lónìí, kó sì ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ.

Èmi ni ọmọ yín, tí gèlè rẹ̀ ò tíì tutù,
Sùwébátù.