Nọ́ọ̀sì Tó Ń Pe Bàbá Mi

Ẹ̀yin olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí lónìí, ẹ má sì dárúkọ mi. Ayékòótọ́ ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé kí wọ́n tó lé mi, torí kò sí ohùn tí mi ò lè sín jẹ.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń le bí igi, pajápajá á sì tún mú un lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù ní kó máa fi aṣọ gbígbóná jó ẹ̀yìn náà, kó sì máa na ẹsẹ̀ láràárọ̀. Tí mo bá rán an létí, á ní, “Ìwọ tí wọ́n lé nílé ìwé, dókítà wo lo wá dà?”

Ni mo bá lọ sẹ́yìn ilé, mo fi nọ́ńbà mìíràn pè é, mo sín nọ́ọ̀sì jẹ: “Bàbá, ṣé ẹ ti na ẹsẹ̀ yẹn? Ẹ má parọ́ fún mi o!”

Ó ní, “Ẹ má bínú, mà.”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ láti ìgbà náà ló ti ń nà á, ara sì ń tù ú.

Lánàá tí mo tún pè, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi òsì ti kú, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ọmọ mi má gbọ́.”

Tí mo bá fi ohùn nọ́ọ̀sì ní kó máa bọ̀ ní ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì gidi wá ní òun ò pè é rí ńkọ́? Ìtìjú á mú un padà sílé. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe?

Kò sí ìgbà tí bàbá mi kì í gbọ́ ètò yín. Ẹ bá mi sọ fún un: Bàbá, èmi ọmọ yín ni nọ́ọ̀sì tó ń pè yín. Mo ti wọ bàtà, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.