Ẹ̀rọ Tó Di Orogún Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́. Kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí o sì ti jẹun kí o tó kà á. Ara tèmi le. Owú ni mo ń jẹ, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Láti ọjọ́ tí pákó ti já lu bàbá rẹ lórí níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Fọ́tò tí wọ́n ya orí wọn ní ilé ìwòsàn kò fi nǹkan kan hàn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń wá òòlù tó wà lọ́wọ́ wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, tòun ti ọjọ́ àti aago. Bàbá rẹ ní, "Tíṣà, orí mi kì í ṣe ìwé ìdánwò o! Mọ́ńdè tó ń bọ̀, mo ti wà lórí òrùlé." Dókítà, ẹni tí í fi èdè ìwé wúkọ́, ní àníyàn ìyàwó ni. Ìwọ gan-an sọ lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ará ilé ìwòsàn lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ orí bàbá rẹ, wọ́n gba àkọsílẹ̀ bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé e fún ẹ̀rọ rẹ, èyí tí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ fi àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún orí kọ́ láti dá ọpọlọ tó fara pa mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ó ní ọpọlọ yìí fara pa. Dókítà dìde nàró! Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ka orí yẹn. Orogún tó dé lánàá ló wá ń júwe ọkọ mi fún mi!

Mo mọ̀ pé òun ló gba bàbá rẹ lọ́wọ́ àkàbà. Mọ́ńdè kọjá, ilẹ̀ ni wọ́n wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ orogún: eyín nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ìwé àkọsílẹ̀ mi tí o ní kí n fi ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ lè kọ́ nínú rẹ̀, nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dì í mú kí n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni olùkọ́ rẹ̀, má purọ́.

Orí rẹ yóò máa pé. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ nígbà àkọ́kọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tó kọ́kọ́ mọ̀.

Àfikún: Láàárọ̀ yìí, bàbá rẹ mú iyọ̀, wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n sì gbé iyọ̀ náà padà láì bù ú lẹ́ẹ̀kejì. Má tíì sọ fún ẹ̀rọ rẹ. Jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan.