Mọ́tò Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì Wọ Ilé Mẹkáníìkì

                                        Ilé kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, ọdún 2026.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Tíṣà tèmi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sùn dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbíkẹ́yìn yẹn tó máa ń wọ bàtà ẹsẹ̀ kan jáde, tó ń gbàgbé ìkejì sílé, ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Mo mọ̀ pé ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ ti kún orí tábìlì dé àjà, nítorí náà mi ò ní bínú pé lẹ́tà rẹ pẹ́ kó tó dé. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tán. Gbogbo wa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́. Orúnkún Bàbá nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu, ọ̀rọ̀ orúnkún ọ̀hún náà ló sì bí lẹ́tà yìí.

O bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé mo ti ra mọ́tò oníná, àti pé ṣé kì í kú sójú ọ̀nà bíi tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì ẹ̀ tán. Òótọ́ ni, mo ti rà á, ó pé ọ̀sẹ̀ méje lónìí. Kò tíì kú sójú ọ̀nà. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe: láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí n pààrọ̀ báńdéèjì níbí, kí n gún abẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Mọ́tò àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa béèrè fún nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Eléyìí ń rìn jẹ́jẹ́ bí ológbò. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí mo tíì gbọ́ nípa rẹ̀ wá láti ẹnu ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, bí àwọn bá ti gbọ́ mọ́tò mi ní ìkóríta, àwọn á ráyè wá eyín àwọn ki ẹnu. Ní báyìí, kí àwọn tó mọ̀, mo ti kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bo ẹnu kí mi káàbọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó rà á ni ọ̀rọ̀ ibi ìṣáàjì. Ti inú ilé ò ní wàhálà, o kàn máa ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri ni, bíi fóònù. Àmọ́ bí ìrìn bá jìn, àfi kó o yà síbi tí wọ́n to ẹ̀rọ sí fún gbogbo ayé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi ìdí mọ́tò wọlé níbi tó yẹ kí n fi orí rẹ̀ wọlé, wáyà ò sì dé. Mo tún un ṣe. Ẹ̀rọ ní kí n fi fóònù sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ ọ́, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ ìpanu nínú mọ́tò tirẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbá ẹ̀rọ náà létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá ló mọ̀ mí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ ẹni níbẹ̀. “Mélòó ló kù ẹ́ kù?” ni wọ́n fi ń kíni. Bí o bá ní mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á ṣe ẹ́ ní pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlógójì lẹ ó fi jókòó ti ara yín, kó o sì tó kúrò, o ti mọ ọmọ ẹni tó ń ṣèdánwò àti ọkọ ẹni tó ń hanrun.

Ṣùgbọ́n, Tíṣà, ọ̀rọ̀ ṣáàjì kọ́ ló gba oorun lójú mi, ọ̀rọ̀ Bàbá ni. Inú ṣọ́ọ̀bù wọn nìwọ àti èmi ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tá a wà léwe, o mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe mẹkáníìkì, etí ni wọ́n sì fi ṣe é. Bí mọ́tò bá ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á ti sọ ohun tó ń ṣe é kí wọ́n tó rí àwọ̀ rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí orúnkún ti lé wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mọ́tò mi nìkan ló kù tí wọ́n ń tọ́jú. Láràárọ̀, bí mo bá ti ṣíná sí i, wọ́n á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á ní pulọ́ọ̀gì kẹta ni, tàbí kí wọ́n ní bẹ́líìtì yẹn ti ń sunkún. Mi ò ronú kan èyí rárá lọ́jọ́ tí mo lọ tà á.

Nígbà tí mo gbé tuntun délé, wọ́n ní kí n ṣí bọ́néẹ̀tì. Mo ṣí i. Àyè òfìfo ni wọ́n bá níbẹ̀, àti páálí báńdéèjì mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì rọra pa á dé bí ẹni tó ń fi aṣọ bo òkú lójú. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi sọ ju “káàárọ̀” àti “ó dàárọ̀” lọ. Wọn ò wọ mọ́tò náà, wọn ò fọwọ́ kàn án. Bọ̀ọ̀dá mi ló ń gbé wọn lọ síbi tí wọ́n bá ń lọ, òun ni wọ́n sì sọ fún pé àwọn ò mọ ohun tí ọmọ àwọn fẹ́ fi fíríìjì onítáyà ṣe. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Bàbá ò sì jẹ́ kójú wa pàdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, Tíṣà! Ó kù díẹ̀ kí n dá mọ́tò náà padà síbi tí mo ti rà á.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Bàbá ní láti lọ rí dókítà eegun ní ìlú kejì, ìrìn wákàtí méjì àbọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ti bá iṣẹ́ rìnrìn àjò. Kò sí ọgbọ́n mìíràn, àfi kí wọ́n wọ fíríìjì. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí bí ẹni tó wọ takisí, wọ́n sì gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ títí a fi dé. Dókítà yẹ orúnkún wò, ó ní kò tíì tó iṣẹ́ abẹ, ó fún wọn lóògùn, ó sì kìlọ̀ gidigidi pé wọn ò gbọdọ̀ sáré. Bàbá bi í léèrè bóyá ó rí àwọn tí àwọn ń sáré bọ̀.

Nígbà tá a ń padà bọ̀, bátìrì kù sí mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún, ni mo bá yà síbi ìṣáàjì kan lẹ́bàá ọ̀nà, níwájú ilé ìtajà ńlá kan. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, èmi ni mo gba ẹ̀kẹfà. Mo ki wáyà bọ mọ́tò. Bàbá ní àwọn fẹ́ na ẹsẹ̀, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀ọ́kán. Èmi rọ àga mi sẹ́yìn, mo pajú dé, oorun sì gbé mi lọ kíá.

Ohun tí mi ò tíì ṣàlàyé fún Bàbá ni pé bí mọ́tò yìí bá ń gbaná kíákíá, bátìrì rẹ̀ á gbóná, fáànù ńlá kan á sì gbéra láti fẹ́ ẹ. Ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Etí mẹkáníìkì tí kò rí nǹkan gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá dédé gbọ́ “fùùùù” lábẹ́ mọ́tò tí ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, bátìrì tó bá ń hó lórí iná, kó bú gbàù ló kù. Tíṣà, Bàbá sáré! Àwọn tó rí wọn ló sọ fún mi. Wọ́n ní ọ̀pá ìtìlẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, Bàbá ò wò ó. Bọ́tìnnì pupa gbàǹgbà kan wà lára ògiri, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti ewu nìkan ni. Wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, wọ́n já ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, wọ́n sì wọ́ mi jáde bí àpò sìmẹ́ńtì. Ìgbà tí mo máa lajú, orí ilẹ̀ ni mo bá ara mi, Bàbá dúró lé mi lórí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń pariwo pé, “Kúrò níbẹ̀! Ó ti fẹ́ gbiná! Ọmọ mi, ṣé kò jó ẹ?”

Nǹkan kan ò gbiná. Bọ́tìnnì yẹn ló pa ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kún jáde tìbínú-tìbínú, ó ń béèrè wèrè tó tẹ̀ ẹ́. Màmá àgbà kan jáde nínú mọ́tò pupa kékeré pẹ̀lú súwẹ́tà tí wọ́n ń hun lọ́wọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì akẹ́rù kan náà bọ́ sílẹ̀. Mo wo ojú Bàbá. Irú ìtìjú tí mo rí níbẹ̀, mi ò rí i lójú wọn rí. Ni mo bá dìde, mo gbọn eruku ara mi, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé bàbá mi nìyí, mẹkáníìkì ni wọ́n, wọ́n rò pé iná fẹ́ jó mi ni, orúnkún tí dókítà ní kò gbọdọ̀ sáré ni wọ́n fi sáré nítorí mi, ẹni tó bá sì fẹ́ bú wọn, kó kọ́kọ́ bú èmi. Màmá onísúwẹ́tà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká ní àwọn lẹ́ni tó lè wọ́ àwọn jáde báyẹn, ojoojúmọ́ làwọn ì bá máa tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan, oníbìínú fúnra rẹ̀ ló sì lọ bá Bàbá he ọ̀pá wọn wá.

A pe nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ wá tàn án padà, ká ní sùúrù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Níbi tá a ti ń ní sùúrù ọ̀hún ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì akẹ́rù ti yọ́ wá bá Bàbá. Bọ́ọ̀sì tirẹ̀ náà, oníná ni. Ó ní ó ti tó oṣù kan tí nǹkan kan ti ń dún lábẹ́ rẹ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ òun sì ní òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Bàbá kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó rọra wà á yí ibẹ̀ ká. Wọ́n dijú, wọ́n yí etí kan sí i. Kò tíì yí i lẹ́ẹ̀kejì tán tí wọ́n fi nawọ́ sókè: béárìnì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì. Wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n mi táyà náà, ó sì ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje. Awakọ̀ náà fọwọ́ lérí. Kí n tó mọ̀, Màmá onísúwẹ́tà ti tò sẹ́yìn rẹ̀ pé kí Bàbá gbọ́ ti àwọn náà, oníbìínú sì tò tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí iná dé tá a sì tẹ̀síwájú, iwájú ni Bàbá jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wákàtí kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ yìí, ariwo ẹ́ńjìnnì ló ti ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn ń gbọ́ táyà, àwọn ń gbọ́ bíréèkì, àwọn ń gbọ́ nọ́ọ̀tì kan tó ti tú lábẹ́ àga mi. Lẹ́yìn náà ohùn wọn rẹlẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo ṣí bọ́néẹ̀tì yẹn, ńṣe ni àwọn rò pé mo fi ń sọ fún àwọn pé àwọn ò wúlò fún mi mọ́. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní bí mo bá ra mọ́tò ọgọ́rùn-ún tí kò ní ẹ́ńjìnnì, bàbá ni mo ṣì fẹ́ ní. Wọ́n ní kí n wo iwájú, kí n má fi ẹkún pa àwọn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Wàhálà mìíràn ló dé. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, Bàbá ò yéé bi mí pé mélòó ló kù nínú bátìrì, ìgbà wo la tún ń lọ síbi ìṣáàjì. Mo ní iná wà nílé. Wọ́n ní iná ilé ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Láàárọ̀ yìí ni mo jí tí mo yọjú síta, mo rí mọ́tò mi níwájú ilé: iná iwájú ń tàn, ti ẹ̀yìn ń tàn, rédíò ń ké, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, wáípà ń nu gíláàsì gbígbẹ. Bàbá jókòó sínú ẹ̀, wọ́n ti múra, wọ́n ti dé fìlà. Mo sáré jáde lọ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó tètè lọ sílẹ̀ ni, pé láti aago mẹ́fà làwọn ti wà lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ olóríkunkun ni, mẹ́rin péré ló tíì dín nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wá ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì sọ fún àwọn pé ọjọ́ Àìkú ni èrò máa ń pọ̀ jù níbẹ̀.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi fa àbíkẹ́yìn yẹn létí díẹ̀. Kọ lẹ́tà sí mi kí ìwé àwọn ọmọ tó bò ẹ́ mọ́lẹ̀. Wákàtí kan ni mo tọrọ lọ́wọ́ Bàbá kí n fi kọ èyí. Ó ti pé, wọ́n sì ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ báyìí pé bàbá mi wà nínú mọ́tò mi.

                                        Èmi ni tìrẹ, nínú ayọ̀ àti nínú ariwo fèrè,
                                        Abẹ́rẹ́.