N Kò Ní Fa Ojú Ìwé Ọjọ́ Jímọ̀ Ya

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo kí Bọ̀dá Múfú, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí gbogbo àgbà tó jókòó síbi ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti pín ọ̀rọ̀ mi bí ẹni pín ẹran. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Ìkọ̀lé ti jẹ́ kí Ràṣídá gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ sọ fún yín pé ohun tí ẹ ní kí n ṣe, mi ò ní í ṣe é.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kúdí àbúrò mi ti sọ fún mi pé ẹ kà á sókè létí gbogbo ẹbí kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kò burú. Èmi náà ti fún olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní ẹ̀dà tèmi, kí ó tẹ̀ ẹ́ síta. Ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ti fi orúkọ mi se ọbẹ̀ káàkiri ibí yìí, ọbẹ̀ náà sì ti ta dé Ṣakí, ó yẹ kí èmi fúnra mi ṣí ìkòkò.

Ẹ ní alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn wa kọ̀wé sí yín, nítorí ẹ̀yin lẹ dúró fún mi nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ó ní mo dá aláìsàn padà, mo sì fẹ́ fi ìwé ba ilé ìwòsàn jẹ́. Ó ní tí mo bá kọ ìwé àforíjì, tí mo sì fa ojú ìwé kan ya nínú ìwé àkọsílẹ̀ láàbù, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ ní kí n gbà bẹ́ẹ̀, kí n ronú nípa Kúdí tó wà níléèwé. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló wà lójú ìwé náà.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti wà níbí. Òjò ibí pọ̀ ju tiwa lọ, òtútù ọyẹ́ wọn sì máa ń wọ egungun. Àwọn ará ibí ṣe mí dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Iyán ni wọ́n fi gbà mí lálejò, iyán náà ni wọ́n ṣì fi ń bá mi ṣeré títí di òní, pé ọmọ Òkè-Ògùn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gún un. Wọ́n máa ń kí mi kú uṣẹ́, èmi náà a sì dáhùn pé uṣẹ́ ń lọ, kí n tó rántí pé iṣẹ́ ni wọ́n fi kọ́ mi nílé. Síbẹ̀ àlejò ni àlejò ń jẹ́. Tí gbogbo ènìyàn bá wọ ilé lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi àti rédíò ni a máa ń wo ara wa. Fóònù alágbèéká ti dé Ìkọ̀lé, ọ̀dọ̀ yín ni kò tíì dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ǹ bá ti gbọ́ ohùn Ìyá mi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èmi ni olórí láàbù, àwa mẹ́ta la sì wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Òjó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Dúpẹ́, ọmọ Ọ̀yẹ́, ni àbúrò wa. Tí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára, àwa la máa sọ irú ẹ̀jẹ̀ tí onítọ̀hún ní àti irú èyí tí ẹni tó fẹ́ fún un lẹ́jẹ̀ ní. A ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí táìlì funfun, a ó kán omi àyẹ̀wò sí i, a ó sì mì í. Omi àyẹ̀wò A wà, ti B wà. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣù jọ nínú rẹ̀ ni irú rẹ̀. Bí kò bá ṣù jọ nínú ìkankan, à á kọ O sílẹ̀. Ibi tí ewu wà nìyẹn, Bàbá. Tí omi àyẹ̀wò bá ti kú, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ayé ló máa jọ O. Ẹni tí wọ́n bá sì fa ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ sí lára lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nítorí èyí ni mo ṣe fi òfin kan lélẹ̀ ní oṣù tí mo dé. Láràárọ̀, kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, a ó kọ́kọ́ gún ìka ara wa. A ni Ọ̀gbẹ́ni Òjó, B ni èmi, O ni Dúpẹ́. Bí omi àyẹ̀wò bá dá àwa tí a ti mọ ara wa mọ̀, ó lè dá àjèjì mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Òjó kọ́kọ́ yarí. Ó ní kí òun tó ní ìyàwó lòun ti ń ṣe uṣẹ́ yìí, ojú lásán lòun fi ń mọ omi tó ti bàjẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ wá ní àwọn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ara wọn. A gún ìka wa láìka ẹ̀rín wọn sí, a sì ń kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé lójoojúmọ́, pẹ̀lú bí fíríìjì ṣe tutù sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n mú iná lọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn lọ síbi ìdúpẹ́ alága, kò sì padà títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí: jẹnẹrétọ̀ kò sí nílé, fíríìjì ti gbóná. Ní àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n gbé abiyamọ kan dé láti Àsin, tó bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé e wá, òun náà ló sì na apá pé kí a gba ẹ̀jẹ̀ òun. Dúpẹ́ mú abẹ́rẹ́ wá fún ìka wa. Èmi, olórí wọn, ẹni tó ṣòfin, ni mo sọ pé ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ì bá gbà wá. Bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran, ṣùgbọ́n mi ò ríran lọ́jọ́ náà. A yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò, a kọ O fún àwọn méjèèjì, a pò wọ́n pọ̀ wò, wọn kò bára wọn jà. Wọ́n fà á sí i lára, obìnrin náà sì yè.

Ní ọjọ́ Ajé, a gún ìka. Ẹ̀jẹ̀ mi kò ṣù jọ. Mo tún gún òmíràn, ó tún ń ṣàn kiri lórí táìlì bí omi. Èmi tí mo ti ń jẹ́ B láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi! Mo ti ilẹ̀kùn ìfàjẹ̀sínilára, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba àpò ẹ̀jẹ̀ kankan títí omi tuntun yóò fi dé láti Adó. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpákè fún àna alága, wọ́n sì ń bèèrè àpò méjì. Mo ní kò sí. Wọ́n gbé e lọ sí Ìdó, wọ́n ṣe é fún un níbẹ̀, ó sì ti ń rìn kiri báyìí. Ìyẹn ni aláìsàn tí mo dá padà. Mi ò ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀, lónìí tàbí lọ́la.

Nígbà tí omi tuntun dé, mo padà sórí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fi pamọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀. B ni abiyamọ, B ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Àwa kọ O fún àwọn méjèèjì. Orí obìnrin yẹn ló gbà á, kì í ṣe ọwọ́ wa. Nínú èsì tí mo kọ sí ìwé ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ fún mi lórí ti ọjọ́ Ajé, ohun tí mo kọ nìyẹn: pé ti ọjọ́ Ajé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ti Jímọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni mo sì ṣẹ̀ ẹ́. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ nípa ti Jímọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni alága ti pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní obìnrin ti yè, ọmọ ti yè, kí ni mo ń wá kiri? Ó ní kí n fa ojú ìwé náà ya kí òun náà gbàgbé ti ọjọ́ Ajé. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ tó lọ síbi ìdúpẹ́ rẹ̀ wà lójú ìwé kan náà.

Bàbá, ẹ̀yin télọ̀ lẹ sọ téèpù yín tó ti fà, tí kì í wọn aṣọ pé mọ́, sínú iná lójú mi. Mo bi yín pé ta ni yóò mọ̀, ẹ ní ẹni tó bá wọ ẹ̀wù náà. Ẹ̀yin kan náà ni!

Àbúrò ọkọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. A ti fún un ní káàdì tó sọ pé O ni, irú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wá. Nítorí náà èmi àti Dúpẹ́ wọ ọ̀kadà lọ sí Àsin. Mo jókòó nílé wọn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ọkọ obìnrin náà pariwo mọ́ mi, ó ní ṣé orí mi dàrú ni tí mo fi wá dẹ́rù ba ìyá ìkókó. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló bi mí pé ta ló rán mi wá. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó wò mí títí, ó ní ẹni tí kò sẹ́ni tó rán, tó wá ro ẹjọ́ ara rẹ̀ ní ulé oníulé, kí wọ́n gbé omi fún un mu.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò náà wá láti oko. Nígbà tí mo ní kí ó fún mi ní káàdì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo fẹ́ẹ̀ má bá òun nílé. Ó ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ti ránṣẹ́ sí òun, pé wọ́n gbọ́ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ O. Ó ní ọmọ onílé òun ló nílò ẹ̀jẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni òun fẹ́ lọ fún un. Ó ní wọ́n ní tí òun bá ti mú káàdì dání, kò sí pé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò mọ́. Mo gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé B ni, kí ó má ṣe lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Mò ń gbé ìwé náà lọ ní odindi. Bí wọ́n bá lé mi, mo máa wálé, a ó sì jọ wá ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ Kúdí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún kọ̀wé sí mi pé kí n fa ojú ìwé ya, ẹ kọ́kọ́ ro ti ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá kí n ya á.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú kò ní tì yín nítorí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àdúgbò, àgbà àti èwe, àti àwọn tó ní kí n bẹ̀bẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí kò ní bẹ̀bẹ̀,
Ràṣídá.