Ipò Keje Tí Wọ́n Fi Yunifásítì Bilyana Sí

Bilyana, ọmọ mi àtàtà,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ wa, inú wa sì dùn pé ara rẹ le. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ láàárín èrò rẹpẹtẹ ìlú yẹn kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ, ojú tó o fi ń kàwé kò ní ṣe bàìbàì, orí kò ní fọ́ ẹ lọ́jọ́ ìdánwò. Àwa náà wà. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ nìkan ni nǹkan kan ò ṣe. Àgùntàn olórí dúdú bí ìbejì, àlùbọ́sà ti hù, òjò sì rọ̀ lásìkò, ká ṣáà máa dúpẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó o kọ nípa yunifásítì rẹ kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. O ní wọ́n gbé ìwé kan jáde tí wọ́n fi yunifásítì ìjọba tó o wà wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mẹ́jọ ni gbogbo wọn, ipò keje ni wọ́n fi tìrẹ sí, pé ojú ń tì ẹ́ láti sọ ibi tó o ti ń kọ́ ìtọ́jú ẹran, àti pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tó o ti lò níbẹ̀ o fẹ́ kó lọ sí ti olú-ìlú tó ṣe ipò kìíní, níbi tí Mladen ọmọ Tsonka aládùúgbò wa wà. Mo kà á sí bàbá rẹ létí. Ó béèrè bóyá wọ́n máa já wọn sí ìpele kejì bíi ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ó ní tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù lẹ́yìn wọn, kí wọ́n tètè lé kóòṣì wọn dànù. Mo ní kó máa jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà rẹ̀ lọ, jàre.

Nígbà tí Mladen wá sílé fún ọdún Àjíǹde, mo pè é, mo ní kó là mí lọ́yẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìfiwéra yìí gan-an. Ọmọ náà ní sùúrù, Ọlọ́run á bù kún un. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ bi àwọn yunifásítì yòókù léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa orúkọ yunifásítì rẹ. Mo ní háà, eléyìí yé mi! Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nígbà tí àwọn ará Dolna Reka, abúlé tó kángun sí wa, fẹ́ wá fẹ́ Vida àbúrò bàbá rẹ. Wọn ò bi àwa tá a jọ ń gbélé, àwọn tí kò mu omi nílé wa rí ni wọ́n lọ bi, àwọn yẹn ní ọ̀lẹ ni, díẹ̀ ló kù kí ìgbéyàwó náà dàrú. Lónìí, ta ló ń wẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò lè dìde mọ́? Vida náà ni.

Ó ní wọ́n tún máa ń ka iye ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ibòmíràn dárúkọ àwọn olùkọ́ yín. Mo ní kó dúró ná. Ẹni tí wọ́n ń dárúkọ jù lábúlé yìí ni Genadi tó jí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tà, ṣé òun wá ni ipò kìíní wa nìyẹn? Mladen rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde. Ó ní tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ olùkọ́ kan bá kéré níye, máàkì ń pọ̀ sí i. Áà, nígbà tó ku olùkọ́ kan àti ọmọ mẹ́ta nílé ìwé wa níbí, a kúkú ti ṣe ipò kìíní láyé yìí, a ò mọ̀, ìjọba sì wá tì í pa. Ó ní wọ́n tún ń ka àjèjì. Ibẹ̀ ni inú mi ti dùn, nítorí pé àwa ní ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ra ilé olóògbé Kolyo, Dolna Reka ò ní ẹyọ kan. Mo sọ fún àwọn obìnrin wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé a ti gba iwájú wọn, láti ìgbà náà wọn ò kí mi mọ́.

Mo wá bi Mladen pé, abẹ́ èwo ni wọ́n kọ ti ọdún tí pátákò àgùntàn gbogbo wa ń jẹrà sí, tí Profẹ́sọ̀ Stoilov kó ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá, tí ẹ sùn sórí ilẹ̀ ilé ìwé tí wọ́n tì pa, tí Profẹ́sọ̀ fúnra wọn kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ ẹran kọ̀ọ̀kan? Ó họ orí. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí. Mo ní kí wọ́n kúkú kọ ọ́ sábẹ́ àjèjì, ṣebí àlejò ni wọ́n lábúlé wa. Tsonka ìyá rẹ̀ gan-an ní láìsí Stoilov, òun ì bá máa da afẹ́fẹ́ dípò àgùntàn lónìí ni.

Má bínú sí mi, Bilyana, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì rẹ lọ́jọ́bọ̀, mi ò sọ fún ẹ. Mo gbé wàràkàṣì àti adìyẹ kan lọ fún Profẹ́sọ̀, nítorí pé a ò tíì dúpẹ́ tó. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ipò keje dà wọ́n láàmú, èmi náà ni ọmọ keje àwọn òbí mi, èmi náà sì ni mo tọ́jú wọn dójú ikú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu gíláàsì ojú wọn. Mo wá sọ pé o fẹ́ kúrò. Ẹ̀rín yẹn dá. Mo rò pé wọ́n máa pè ẹ́ ní abara-móore-jẹ ni o. Rárá. Wọ́n ní ọjọ́ tó o bá gbé ìwé tó o fi fẹ́ kúrò wá làwọn máa fọwọ́ sí i, pé àwọn á tún kọ̀wé sí olú-ìlú pé ọwọ́ tó dáa jù nínú àwọn tí àwọn ti kọ́ ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì débi pé obìnrin kan fún mi ní ańkáṣíìfù. Ẹ̀kún ọpẹ́ ni, pé irú èèyàn báyìí lọmọ mi bọ́ sí lọ́wọ́.

Kí n tó lọ, ìjà ni mo fẹ́ bá ẹ jà kó o dúró. Mi ò jà mọ́. Tó o bá fẹ́ lọ, lọ, inú mi ò ní bàjẹ́ sí ẹ, bàbá rẹ á kùn, á sì gbà. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀: fi ẹnu ara rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, má fi fóònù ṣe é.

Jọ̀ọ́, bá wa wá owó díẹ̀ fún òróró orúnkún bàbá rẹ àti ọmọrí ìgò, ọmọrí ti gbówó lórí. Má fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ báǹkì tó wà ní Dolna Reka o, àwọn obìnrin yẹn ṣì ń bínú, wọn ò ní jẹ́ kó fún mi. Màríà Mímọ́ á bá ẹ yan èyí tó dáa, ibi yòówù tó o bá dé, wọn á gbà ẹ́ tọwọ́-tẹsẹ̀, o ò ní kábàámọ̀.

Mo ti di ata súnsun sínú ìgò fún ẹ, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú tó o wà máa ń kọjá ní ìdájí, ti olú-ìlú máa ń kọjá lẹ́yìn tí mo bá fún wàrà tán. Sọ fún mi èwo ni kí n gbé e fún. Títí màá fi gbọ́ lẹ́nu rẹ, ti ìdájí ni màá máa jí dúró dè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Radka