Má Ṣe So Fóònù Rẹ Mọ́ Ohunkóhun

Ẹ̀bùnolúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ, o kú iṣẹ́, o kú atẹ́gùn òkun Kùtọnú. Kí Ẹni tí ó pa wá mọ́ di òní má ṣe fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ara mi le díẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní Pọbẹ̀, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti hù, ewúrẹ́ Àǹtí Ọlábísí, àbúrò bàbá rẹ, sì ti jẹ ìdajì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fi pamọ́ mọ́. Ní ọdún Àjíǹde, o so fóònù bàbá rẹ àti fóònù tìrẹ mọ́ kọ̀ǹpútà ilé, nítorí orin mọ́kànlélógún tí o gbà sílẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ. O ní ohun tí ó bá wà nínú ọ̀kan yóò máa wà nínú ìyókù. Mo gbà pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin bàbá rẹ, tí ìwọ ti padà sí Kùtọnú, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní aago mẹ́fà àárọ̀, bí ó ti máa ń fi orin jí i. Àǹtí Ọlábísí bi mí pé ìyàwó, ṣé òkú ló ń kọrin ara rẹ̀ ni, ṣé n kò mọ̀ pé orin kì í dún nílé wọn kí ogójì ọjọ́ tó pé, àbí ìwé tí mo kà kò dé ibẹ̀ ni.

Mo yọ àwọn orin náà kúrò nínú fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé bí orúkọ ọmọ kíláàsì, nítorí mo rò pé kọ̀ǹpútà ń bá mi tọ́jú wọn, èmi yóò sì gbà wọ́n padà bí ogójì ọjọ́ bá pé. Ṣùgbọ́n ara kọ̀ǹpútà náà ni mo ti ń gba iná fún fóònù, bí o ti kọ́ mi.

Àná ni ó pé. Mo wọ aṣọ funfun, mo jókòó, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Òfìfo. Ìdòwú tí ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́bàá ọjà wò ó, ó wò mí, ó ní Màmá olùkọ́, ẹ má bínú, ẹ̀rọ yìí kò ṣẹ̀ yín, ó rí i pé ẹ yọ wọ́n kúrò nínú fóònù, òun náà yọ tirẹ̀, ó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn níwèé, Ẹ̀bùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní wọ́n lè ṣẹ́ kù nínú fóònù tìrẹ. Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, má ṣe so ó mọ́ ohunkóhun. Má gbé e sí tòsí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín ní Ganhi; n kò mọ bí ìròyìn ṣe ń yára tó láàárín wọn. Fi aṣọ dì í. Bí o bá sì fẹ́ sunkún bàbá rẹ, kúrò níwájú rẹ̀, kí ó má baà mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ lóṣù, fi ti oṣù yìí wọ takisí wá, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé fóònù náà dé.

Bí òun náà bá ṣófo, ṣáà máa bọ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni o ti ń gbe orin bàbá rẹ. Jókòó tì mí, kí o kọ ègbè tìrẹ nìkan. Èmi yóò mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ì bá ti wọlé.

Ilé tìrẹ kò ní dákẹ́, láṣẹ Olúwa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdùní Adéoyè